Ta Ni A Ó Fi Wé? Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ ti 1955 àti ti 1976, àti Bí A Ti Ń Wọn Iṣẹ́ Ìjọba



Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ó rọrùn láti béèrè, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn: nígbà tí ìjọba bá gbé ètò kan kalẹ̀, báwo ni a ṣe lè mọ ohun tí ètò náà ṣe gan-an? N kò béèrè ohun tí ìjọba ní òun fẹ́ ṣe, n kò sì béèrè iye owó tí ó ná. Ohun tí mo ń wá ni ohun tí ó yí padà ní ayé àwọn ènìyàn nítorí ètò náà, tí kì bá tí yí padà bí kò bá sí i.

Àpẹẹrẹ tí n ó lò kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba ẹkùn náà nígbà náà, Olóyè S. O. Awókọ́yà sì ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tí ó ti gbé àbá náà síwájú àwọn aṣòfin láti 1952. Ní 1954, ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà. Ní 1955, wọ́n di 811,432.

Ẹni tí ó fẹ́ràn ètò yìí yóò yọ iye àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, yóò rí 354,832, yóò sì wí pé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò fo ọdún márùn-ún, yóò sọ ti 1960, nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ka ìwé mẹ́fà tán, tí ariwo sì ta pé ìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílẹ̀, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ Banjo dìde láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò, tí ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní 1961. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán nílẹ̀ wa títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé ìṣirò kan náà ni tọ̀tún tòsì ń ṣe: wọ́n mú àná, wọ́n mú òní, wọ́n yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, wọ́n sì fi ohun tí ó kù sọ́rùn ìjọba, ìbáà ṣe oyin, ìbáà ṣe ìbépo.

Nípa iye ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ láàárín ọdún kan ṣoṣo, ìṣirò yẹn kò burú. Kò sí ohun mìíràn ní 1955 tí ó lè sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ọmọ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni a ṣe ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ọmọ náà dà nígbà tí ó dàgbà ni a ń lé: owó tí ó ń wọlé fún un, ọjọ́ orí tí ó fi lọ sí ilé ọkọ, iye ọmọ tí ó bí, àti bí àwọn ọmọ náà ti yè sí. Àwọn wọ̀nyí kì í hàn kí ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún tó kọjá. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, kókó lè pọ̀wó kí ó sì tún dọ̀pọ̀, ogun lè jà, epo rọ̀bì lè sọ ìjọba di olówó ọ̀sán gangan. Àná àti òní nìkan kò lè ya iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lára iṣẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Oko ẹlòmíràn yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bí ètò kan bá kan ibì kan tí kò sì kan ibòmíràn, iye mẹ́rin ni ó yẹ kí a ní lọ́wọ́, kì í ṣe méjì: bí ibi tí ètò kàn ti rí kí ètò tó dé, bí ó ti rí lẹ́yìn tí ó dé, bí ibi tí kò kàn ti rí ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, àti bí ó ti rí ní ìgbà kejì. A ó yọ àná kúrò nínú òní ní ibi méjèèjì. Lẹ́yìn náà a ó yọ ìyípadà ibi tí ètò kò kàn kúrò nínú ìyípadà ibi tí ó kàn. Ìyọkúrò ẹlẹ́ẹ̀mejì ni mo ń pè é.

Nínú àwọn tí wọ́n lo irú ìfiwéra yìí láti ìgbà pípẹ́, oníṣègùn kan ni mo fẹ́ràn jù, kì í ṣe onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé rárá. John Snow ni orúkọ rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Àrùn onígbáméjì jà ní ìlú náà ní 1849, ó sì tún jà ní 1854. Ilé-iṣẹ́ méjì ni ó ń ta omi ẹ̀rọ fún apá gúúsù ìlú náà: ọ̀kan ń jẹ́ Southwark and Vauxhall, èkejì ń jẹ́ Lambeth. Ní 1849, àwọn méjèèjì ń fa omi wọn láti inú odò Thames níbi tí ẹ̀gbin ìlú ń ṣàn sí. Ní 1852, Lambeth gbé ojú ibi tí ó ti ń fa omi lọ sí apá òkè odò, níbi tí ẹ̀gbin ìlú kò dé. Southwark and Vauxhall kò kúrò níbi tí ó wà. Ní àwọn àdúgbò tí ó jẹ́ pé omi Southwark and Vauxhall nìkan ni wọ́n ń mu, ènìyàn 2,261 ni onígbáméjì pa ní 1849. Ní 1854 ó pa 2,458. Ní àwọn àdúgbò tí ọ̀pá omi ilé-iṣẹ́ méjèèjì jọ wà, 3,905 ni ó kú ní 1849, 2,547 sì ni ó kú ní 1854.

Ẹ wò ó bí èyí ti lágbára tó. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn àdúgbò kejì nìkan ni Snow mú wá, alátakò lè sọ pé àrùn ti 1854 kò le tó ti 1849 ni, òun ni òkú fi dín ní 1,358. Àwọn àdúgbò àkọ́kọ́ ni ó pa á lẹ́nu mọ́: níbẹ̀, òkú fi 197 lé sí i. Àrùn náà kò rọ̀. Omi ni ó yàtọ̀. Snow kò dúró síbẹ̀. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ilé-iṣẹ́ tí ń ta omi fún ilé kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ti kú, nítorí pé ní òpópónà kan náà, omi Lambeth lè wà nílé yìí kí ti èkejì wà nílé tí ó tẹ̀ lé e. Nínú ilé 10,000 tí ń mu omi Southwark and Vauxhall, òkú jẹ́ 315. Nínú iye ilé kan náà tí ń mu ti Lambeth, òkú jẹ́ 37.

Ọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tún ní wàhálà mìíràn tí omi kò ní. Ènìyàn a máa yan ohun tí yóò ṣe. Bí àgbẹ̀ méjì bá wà, tí ọ̀kan ń lo ajílẹ̀ tí èkejì kò lò, tí ìkórè ti àkọ́kọ́ sì pọ̀ jù, ta ni yóò búra pé ajílẹ̀ ni ó ṣe é? Ó ṣeé ṣe kí ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́, tí ó mọ ìgbà tí òjò ń bọ̀, tí kì í jẹ́ kí koríko bo ebè rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ ra ajílẹ̀. Kò sì sí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn mímọṣẹ́ àgbẹ̀. Yair Mundlak ni ó wá ọ̀nà àbáyọ ní 1961, nínú ìwádìí tí ó ṣe lórí oko ìdílé ní Ísírẹ́lì láàárín 1954 sí 1958. Ó ní bí a bá padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, mímọṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà bí a bá fi àgbẹ̀ náà wé ara rẹ̀, ohun tí a kò lè wọ̀n yóò ti bá ìyọkúrò lọ. Àkọsílẹ̀ tí ó tọ ènìyàn kan náà tàbí ibì kan náà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ń pè ní panel data. Èmi yóò máa pè é ní àkọsílẹ̀ àtúnbẹ̀wò, nítorí pé pípadà bẹ ẹni àkọ́kọ́ wò ni gbogbo agbára rẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni ti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 pẹ̀lú nǹkan bí ìdílé 5,000, tí wọ́n sì ń tọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ìdílé wọ̀nyẹn lẹ́yìn títí di ìsinsìnyí.

Bí a bá da àtúnbẹ̀wò pọ̀ mọ́ ìyọkúrò ẹlẹ́ẹ̀mejì, a rí irú iṣẹ́ tí David Card àti Alan Krueger tẹ̀ jáde ní 1994. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé owó iṣẹ́ wákàtí kan tí ó kéré jù lọ kúrò ní dọ́là 4.25 lọ sí 5.05. Pennsylvania, tí ó bá a pààlà, kò gbé e. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ìgbà náà gbàgbọ́ pé bí owó iṣẹ́ bá ga, ọ̀gá yóò dá òṣìṣẹ́ dúró. Card àti Krueger wádìí ilé oúnjẹ 410 ní apá méjèèjì ààlà, kí òfin tó múlẹ̀ àti lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ó múlẹ̀. Ní New Jersey, òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, bí a bá ka òṣìṣẹ́ aláàbọ̀ ọjọ́ méjì sí ọ̀kan, lọ láti 20.44 sí 21.03. Ní Pennsylvania ó wálẹ̀ láti 23.33 sí 21.17. Ìyọkúrò ẹlẹ́ẹ̀mejì fún wọn ní 2.76: owó ga, iṣẹ́ kò dín. Kò sí ẹni tí ó gba èyí láìjà. David Neumark àti William Wascher mú ìwé owó-oṣù àwọn ilé oúnjẹ jáde ní 2000, wọ́n ní iṣẹ́ dín. Ìjà náà pẹ́. Krueger ti kú ní 2019. Card gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, òun pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà yọ níbẹ̀ ni pé ìyọkúrò náà kì bá tí rí bí ó ti rí láìsí Pennsylvania. Ní New Jersey nìkan, òṣìṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lé ju ìdajì ènìyàn lọ. Ibi tí a fi wé ni ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdáhùn náà wá.

Kí n tó kúrò lórí èyí, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i. Orley Ashenfelter kíyèsí i ní 1978 pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa ń jẹ́ àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Àwa náà mọ irú rẹ̀. Ọjọ́ tí ara bá ni ènìyàn jù ni ó ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, bí ara bá sì fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, àgbo ni yóò gba ìyìn. Ẹni tí ó bá fi ọdún tí ó burú jù ṣe àná rẹ̀ yóò rí òní tí ó dára, ètò ìbáà wà, ètò ìbáà má sí.

Ó tó àkókò kí a padà wálé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 kì í ṣe ètò tí gbogbo ènìyàn tẹ́wọ́ gbà. Owó-orí tí ìjọba dá láti fi gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí àwọn ènìyàn nínú, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé ó wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Action Group pàdánù ọ̀pọ̀ àyè fún NCNC ní ìdìbò àpapọ̀ ti 1954, ní ẹkùn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà bẹ́ẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún wa nítorí pé ó fi hàn pé ìpinnu ìṣèlú ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé àsìkò tó tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń lọ síbẹ̀ pọ̀. Lagos, tí í ṣe olú-ìlú àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1957. Ẹkùn Ìlà-Oòrùn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ṣùgbọ́n owó kò tó, wọ́n dá owó ilé-ẹ̀kọ́ padà ní 1958, àwọn obìnrin sì jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹkùn Àríwá kò dáwọ́ lé e. Ogún ọdún ó lé ọ̀kan lẹ́yìn ti Ìwọ̀-Oòrùn ni ìjọba àpapọ̀ tó gbé e dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀gágun Gowon ni ó kéde rẹ̀ ní Sókótó ní 1974, nígbà tí owó epo ti dé. Ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ni ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1976.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùṣèwádìí. Obìnrin tí a bí láàárín 1956 sí 1961 ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ní 1976. Ètò ti ìjọba àpapọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀. Èyí tí a bí láàárín 1970 sí 1975 wọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ètò náà wà lójú ọ̀nà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀wọ́ méjèèjì ni wọ́n bá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀. Ní ibòmíràn, ọ̀wọ́ kejì nìkan ni, bí a bá yọ ti Lagos àti ọdún kan Ìlà-Oòrùn yẹn kúrò. Una Okonkwo Osili àti Bridget Terry Long ni wọ́n rí èyí, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2008. Wọ́n mú ìwádìí ìlera àti ìdílé tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 1999, wọ́n pín àwọn obìnrin sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ àti ọdún ìbí wọn, wọ́n sì fi Ìwọ̀-Oòrùn ṣe oko bàbá ẹlòmíràn. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé ọdún kan tí obìnrin bá fi kún ilé-ẹ̀kọ́ dín iye ọmọ tí ó bí kí ó tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kù ní 0.26, èyí ni pé nínú obìnrin mẹ́rin, nǹkan bí ọmọ kan. Iṣẹ́ wọn bá ti Esther Duflo tan, ẹni tí ó fi irú ọ̀nà kan náà wádìí ní 2001 bí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ju 61,000 lọ, tí ìjọba Indonésíà fi owó epo kọ́ láti 1973, ti ṣe fún owó-iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ibẹ̀.

Kò sí ẹnì kan tí a padà lọ bẹ̀ wò nínú ìwádìí Osili àti Long. Ìpínlẹ̀ ni a padà bẹ̀ wò nípasẹ̀ àwọn obìnrin tí a bí níbẹ̀ ní ọdún yíyàtọ̀. Ọ̀nà tí ó dára ni, mo sì ka iṣẹ́ náà sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó wúlò jù lọ tí a ti ṣe lórí ètò ẹ̀kọ́ wa. Nítorí pé mo kà á sí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ bi í ní ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ mi. Ta ni a fi wé?

Ìwọ̀-Oòrùn ni. Ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn kì í ṣe ibi tí ètò kò kàn, ibi tí ètò ti kàn tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ tí a kò dáko sí rí, ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ tí a ti dáko sí láti ogún ọdún. Ọmọbìnrin tí a bí ní 1949, tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1955, ti di ìyá láàárín 1970 sí 1975. Ọmọ rẹ̀ ni ọ̀wọ́ kejì tí a ń fi wé. Ìyá tí ó kàwé kì í sábà jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìwé mẹ́ta. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èso 1955 ṣì ń so ní Ìwọ̀-Oòrùn ní àkókò tí a ń fi í ṣe òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n náà sì ń gùn sí i bí a ti ń wọn nǹkan. Láti 2018 wá ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ètò ọrọ̀-ajé ti ń jà lórí irú èyí gan-an. Andrew Goodman-Bacon fi hàn nínú iṣẹ́ tí ó jáde ní 2021 pé nígbà tí ètò kan bá bẹ̀rẹ̀ ní ibi púpọ̀ ní ọdún yíyàtọ̀, ìṣirò tí gbogbo ènìyàn ń lò máa ń fi ibi tí ètò ti kọ́kọ́ dé ṣe àfiwé fún ibi tí ó dé gbẹ̀yìn, bí iṣẹ́ ètò náà bá sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ìdáhùn yóò wọ́. Nàìjíríà ni mo ń rí nínú ìwé náà bí mo ti ń kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ wa.

Ìwọ̀-Oòrùn kò sì jókòó sójú kan lẹ́yìn 1976. Ní oṣù kẹwàá 1979 ni ẹgbẹ́ UPN gba ìjọba ní Lagos, Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Bendel, tí í ṣe Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ àti Lagos, wọ́n sì sọ ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́. Ọmọ tí a bí ní 1970 ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1982. Òun náà jẹ nínú oúnjẹ yẹn. Nítorí náà, ní ọdún tí ibi tí a ń wọ̀n gba ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ibi tí a fi ń wọ̀n ọ́n gba ẹ̀kọ́ gírámà ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì láti mọ iye ọdún ìwé tí ètò 1976 fi kún, yóò rí iye tí ó kéré ju òtítọ́ lọ. Ìpín tí ó so ọdún ìwé mọ́ iye ọmọ bíbí lè má bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àṣìṣe kan náà wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn gbà kí ọdún kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ọdún kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórí ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í lọ ilé ọkọ, ìwé ìbáà wà, ìwé ìbáà má sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ilé-ẹ̀kọ́ ń dá dúró.

Ẹ̀gbẹ́ kejì tún wà. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ní Ìlà-Oòrùn, àwọn tí a bí láàárín 1956 sí 1961, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìnlá nígbà ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn di ibùdó ọmọ ogun àti ti asásàálà. Bí àbúrò wọn bá kàwé jù wọ́n lọ lẹ́yìn 1976, ètò ìjọba ha ni tàbí àlàáfíà? Ẹnikẹ́ni tí ó bá lo ìfiwéra yìí gbọ́dọ̀ yọ Ìlà-Oòrùn sọ́tọ̀ kí ó tún ìṣirò náà ṣe, kí a lè mọ ohun tí ó kù. Mo rò pé ohun púpọ̀ yóò kù, nítorí pé Àríwá kò jẹ nínú ogun náà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ètò 1976 ti ní iṣẹ́ púpọ̀ jù láti ṣe.

Ẹ lè béèrè pé kí ni ó dé tí a kò kúkú tọ àwọn ọmọ 1955 fúnra wọn lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1951 sí 1952, Galletti, Baldwin àti Dina ṣe ìwádìí tí ó jinlẹ̀ lórí ìdílé àwọn àgbẹ̀ kókó nílẹ̀ Yorùbá, ìwé wọn sì jáde ní 1956: ohun tí ìdílé jẹ, ohun tí ó tà, gbèsè tí ó jẹ, owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó san. Ọdún kan péré ni ó sọ. Bí a bá ti padà sọ́dọ̀ àwọn ìdílé wọ̀nyẹn ní 1960 àti 1970, à bá ní ohun tí Michigan kò ní títí di 1968. Ìkànìyàn wa náà kò ràn wá lọ́wọ́: wọ́n wọ́gi lé ti 1962, wọ́n jà lórí ti 1963, wọ́n tún wọ́gi lé ti 1973. Ẹni tí kò mọ iye ọmọ tí ó wà kò lè mọ ìdá tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀. Láti 2010 ni ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ Báǹkì Àgbáyé, ti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ àtúnbẹ̀wò tòótọ́, pẹ̀lú ìdílé 5,000 káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ìgbìn àti lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n ti ṣe é ní 2010 sí 2011, 2012 sí 2013, 2015 sí 2016, 2018 sí 2019 àti 2023 sí 2024, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi ìdílé tuntun rọ́pò apá tí ó pọ̀ nínú wọn ní 2018. Iṣẹ́ yìí yẹ fún ìyìn ju èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn ń fún un lọ.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi irú àkọsílẹ̀ yìí báyìí ni ti owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó náà ti tán. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iye lítà kan ti kúrò ní ìsàlẹ̀ ₦200 ní Lagos, ó ti kọjá ₦480. Àkọsílẹ̀ 2018 sí 2019 wà fún àná, ti 2023 sí 2024 wà fún òní, ìdílé kan náà ni apá kan wọn. Ó dà bí ẹni pé ohun gbogbo ti pé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni ìkéde náà kan Kánò àti Àbẹ́òkúta, ìlú kankan kò sẹ́yìn. Kò sí Pennsylvania níbẹ̀. Láàárín ìbẹ̀wò méjèèjì, ìjọba ti ti ẹnubodè ní 2019, àrùn kòrónà ti jà ní 2020, náírà tuntun ti wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, iye náírà sí dọ́là sì ti já ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Olùṣèwádìí lè pín àwọn ìdílé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbára lé bẹtiróòlù tó ní 2018: ẹni tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, ọlọ́kadà, ẹni tí ń lo ẹ̀rọ ìlọta, ní ọ̀tọ̀, àgbẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ kankan, ní ọ̀tọ̀. Yóò yọ ìyípadà ti ẹ̀yìn kúrò nínú ti iwájú. Àgbẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ yẹn náà sì ń ra iyọ̀ àti ẹja tí ọkọ̀ gbé wá, ó ń san owó ọkọ̀ lọ sí ọjà láti ta gàrí rẹ̀. Ohun tí ìyọkúrò ẹlẹ́ẹ̀mejì lè sọ fún wa níbẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ náà ti wọ àwọn kan lára ju àwọn mìíràn lọ. Iye tí ó wọ gbogbo wọn lára pọ̀ ti bá ìyọkúrò lọ.